Kì í Ṣe Páílọ̀tì Nìkan Ló Ń Gbé Bàálù Gòkè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti pẹ́ nínú mi. Àwọn kan nínú yín mọ apá kan rẹ̀, nítorí níṣojú yín ló ṣe ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ síta, kí ẹlòmíì má baà jìn sí kòtò tí mo fọwọ́ ara mi ti ọ̀rẹ́ mi sí.

Ẹni tó bá ń gbé Sabon Gari, Tudun Wada tàbí Samaru mọ ìró àwọn bàálù kéékèèké tó máa ń yí po lókè wa. Ti NCAT ni wọ́n, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ọdún 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Zaria níbí, tí Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ICAO, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà òfuurufú kárí ayé, sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí bàálù náà bá ti kọjá, gbogbo wa á tú jáde, a ó máa juwọ́ sí i, a ó máa sáré tẹ̀ lé e títí yóò fi wọ̀ lẹ́yìn igi. Àwọn bàbá wa tó bá rélùwéè wá sílùú yìí láti Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò ronú pé iṣẹ́ kankan wà níbẹ̀ fún ọmọ tiwọn. Òwò ni wọ́n mọ̀, aṣọ rírán ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì fi tọ́ wa dàgbà. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa náà ò tíì ronú kan ibẹ̀. Nípàdé wa tó kọjá, mo ní kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti gba ilé ẹ̀kọ́ náà kọjá nawọ́ sókè. Ọwọ́ mẹ́ta péré ni mo rí.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ti gbọ́ bàálù, páílọ̀tì ló ń wá sí wa lọ́kàn, owó tí wọ́n sì ń gbà kọ́ni ní wíwa bàálù kì í ṣe owó ẹni tó ń ta ata. Lóòótọ́ ni, owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ò ti mọ ọ̀nà gidi ni oníjìbìtì ti ń rí àyè.

Ó tó ọdún méje báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ télọ̀ ní ọmọkùnrin kan tó gba kírẹ́díìtì mẹ́fà nínú WAEC, Ìṣirò àti Físíìsì wà níbẹ̀. JAMB já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ni ẹnì kan bá mú bébà ìpolówó kan wá sípàdé wa. Ó ń dán yinrin, bàálù ńlá wà lára rẹ̀, ọmọbìnrin tó dé fìlà pupa ń rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Wọ́n ní iléèwé kan wà ní ìlú ńlá kan tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ òfuurufú fún oṣù mẹ́fà, pé bí ọmọ bá ti ń parí, iṣẹ́ ti ń dúró dè é ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Ó ní, “Alága, kí lẹ rí sí i?” Èmi tí n kò mọ iléèwé náà láti ibì kankan, mo ní kó san án. Mo tiẹ̀ fi kún un pé ọjọ́ ọmọ náà ló pé.

Ó ta méjì nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta tó ní, ó sì gba àjọ rẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Gbogbo owó tó san jẹ́ ₦350,000. Yàrá méjì lórí ilé ìtajà ni ọmọ náà bá níbẹ̀. Kò fojú kan ẹ́ńjìnì, kò fọwọ́ kan sípánà. Wọ́n ń fi fídíò hàn wọ́n, wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń kí èrò. Nígbà tó parí, wọ́n fún un ní sátífíkéètì tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà kùn létí. Ó gbé e dé iléeṣẹ́ bàálù mẹ́ta. Ní ìkẹta ni ẹnì kan ti ṣàánú rẹ̀ tó sọ òótọ́ fún un pé NCAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú lórílẹ̀-èdè yìí, kò fọwọ́ sí iléèwé náà rárá, pé bébà lásán ló mú dání. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ̀ padà lọ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù onírun la bá nínú yàrá méjèèjì.

Ọ̀rẹ́ mi ò bá mi jà. Ì bá bá mi jà, ara ì bá tù mí. Ó ṣì ń kí mi, ó ṣì ń wá sípàdé, ṣùgbọ́n kò bi mí léèrè nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ náà wà ní PZ báyìí, ó ń ta ṣájà àti èèpo fóònù.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo ní ẹnu tí mo fi ń béèrè. Mo bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní NCAT sọ̀rọ̀, mo sì rí ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe bàálù tó jókòó tì mí ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ pín fún yín.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká fi páílọ̀tì sílẹ̀ ná. Iléeṣẹ́ Boeing tó ń ṣe bàálù ṣírò ní ọdún 2024 pé láàárín ogún ọdún sí ìgbà náà, ayé máa nílò páílọ̀tì tuntun 674,000. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń tún bàálù ṣe tí wọ́n máa nílò jẹ́ 716,000, àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù sì jẹ́ 980,000. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ń tún un ṣe pọ̀ ju àwọn tó ń wà á lọ! Ọ̀rọ̀ náà sì yé èèyàn bó bá rò ó dáadáa. Páílọ̀tì máa ń wọ bàálù nígbà tó bá fẹ́ gbéra ni. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n ń bá a sùn tí wọ́n ń bá a jí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní, “Alága, ṣé mẹkáníìkì lẹ fẹ́ kí ọmọ wa lọ kọ́?” Bẹ́ẹ̀ ni, mẹkáníìkì ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ irú mẹkáníìkì tó jẹ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1990, bàálù BAC 1-11 kan gbéra ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú bàálù yẹn kò ṣàjèjì sí wa ní òkè ọya, òun náà ló já sí Gwammaja ní Kánò ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2002, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti Kánò yàtọ̀ sí èyí tí mò ń sọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ gíláàsì iwájú bàálù ti Birmingham yìí ni. 90 ni bóòtù tí wọ́n fi dè é. Ọ̀gá tó ṣiṣẹ́ náà lóru fi ojú lásán wọn bóòtù tuntun mọ́ ti àtijọ́, kò yẹ ìwé wò. Bóòtù 84 nínú wọn fi díẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mẹ́fà yòókù kúrú. Ìyàtọ̀ náà ò tó ohun tí ojú lè tètè rí. Nígbà tí bàálù náà dókè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti gíláàsì náà dànù, ó sì fa kápútéènì jáde láti orí dé ìbàdí. Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí igbákejì rẹ̀ fi gbé bàálù náà balẹ̀ ní Southampton. Ẹ bá mi dúpẹ́, kò sẹ́ni tó kú, kápútéènì náà gan-an yè é.

Ti Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2000, bàálù Alaska Airlines kan já sínú òkun létí California, èèyàn 88 ló bá a lọ. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, gírísì ni. Ìdè olójú-ọ̀nà kan wà nírù bàálù náà tó yẹ kí wọ́n máa fi gírísì sí dáadáa, wọn ò fi tó, irin sì jẹ irin títí ó fi bọ́. Gírísì o, èyí tí àwọn ọmọ mẹkáníìkì wa ń fi ọwọ́ nù sára ṣòkòtò.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ń tún bàálù ṣe kò fi jọ ẹni tó ń tún Golf ṣe létí ọ̀nà. Ọ̀gá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní kò sí ohun tí wọ́n ń fi orí mọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìwé ni wọ́n ń ṣí. Ìwé náà ló máa sọ bóòtù wo, agbára mélòó ni kí wọ́n fi dè é, irinṣẹ́ tó ń ka agbára náà sì wà. Sípánà kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ lórí pátákó, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ojú àwòrán kan ṣófo, bàálù náà ò ní gbéra àfi bí wọ́n bá rí sípánà náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹnì kan máa fọwọ́ sí ìwé pé bàálù yìí ti yẹ láti fò, ó máa kọ nọ́ńbà láísẹ́ńsì rẹ̀ sí i. Láìsí ìfọwọ́sí yẹn, páílọ̀tì tó lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ máa jókòó sílẹ̀ ni. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, orúkọ ẹni yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá nínú ìwé.

Àní, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lọ̀rọ̀ ti rí báyìí. Gbogbo ayé mọ àwọn ará Wright tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1903. Àwọn mélòó ló mọ Charles Taylor? Òun ni mẹkáníìkì inú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn. Kò kàwé púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe ẹ́ńjìnì tó gbé bàálù náà kúrò nílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀, ẹ má bínú bí mo bá dúró síbẹ̀ pẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Zaria. Ní NCAT, ẹ̀kọ́ wíwa bàálù jẹ́ ọ̀kan péré nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Ẹ̀ka àtúnṣe bàálù wà níbẹ̀. Ẹ̀ka àwọn tó ń darí bàálù láti orí ilé gogoro wà níbẹ̀, àwọn tó ń sọ fún páílọ̀tì pé kó sọ̀ kalẹ̀ tàbí kó dúró ná. Ẹ̀ka àwọn tó ń tọ́jú rédíò àti ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, títí kan ẹ̀ka àbójútó iṣẹ́ òfuurufú. Fún ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, kí Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì má sì gbẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ darí bàálù gbọ́dọ̀ yege nínú àyẹ̀wò ìlera, kí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ sì dé ìwọ̀n tí ICAO ń fẹ́. Owó àtúnṣe bàálù kì í ṣe kékeré, n kò ní tàn yín, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ owó wíwa bàálù rárá. Ẹ lọ béèrè iye tó jẹ́ lọ́dún tí ẹ bá fẹ́ san án lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu alágbàtà. Ní Kàdúná, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú, AFIT, náà ń gba ọmọ aráàlú. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ẹ̀rọ bàálù, ọ̀nà JAMB ni wọ́n sì ń gbà wọlé síbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìlú méjì tí kò jìnnà síra ni Ọlọ́run kó méjèèjì sí.

Àwọn kan nínú yín ní ọmọ àti àbúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń bi mí nípa ti ọ̀hún. Àwọn ará ibẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tí wọ́n ń pè ní community college. Ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀, owó rẹ̀ sì dín sí ti yunifásítì. Ohun tó wù mí nínú ètò wọn ni pé wọ́n máa ń wo iṣẹ́ tó wà ládùúgbò kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọ́n máa kọ́ni. Ní Everett, ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí Boeing ti ń to àwọn bàálù ńláńlá rẹ̀ pọ̀ láti bí ọdún 1967, kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tó wà nílùú náà ń kọ́ni ní àtúnṣe bàálù. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì míì wà tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ gé irin, bí wọ́n ṣe ń na wáyà, bí wọ́n ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ láísẹ́ńsì àtúnṣe bàálù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 18, kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó sì yege nínú ìdánwò orí ìwé, ti ẹnu àti ti ọwọ́. Ìpín méjì ló wà, ara bàálù àti ẹ́ńjìnì. Ẹni tí kò gba iléèwé kọjá gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti fi oṣù 30 ṣiṣẹ́ méjèèjì kí wọ́n tó lè jẹ́ kó jókòó ìdánwò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lọ́hùn-ún, ẹ sọ èyí fún wọn o: iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà òfuurufú àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè gba gbogbo èèyàn. Òfin Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí wọ́n fi àṣírí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ han ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn tàbí tí kò ní gíríìn káàdì, àfi bí ìjọba bá yọ̀ǹda. Kí ọmọ má lọ fi ọdún méjì kọ́ ohun tí wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kàn.

Níbí tàbí lọ́hùn-ún, ìbéèrè kan ni mo ti fi kọ́ ara mi láti máa kọ́kọ́ béèrè báyìí, òun ni n kò béèrè lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi wò mí lójú: Ta ló fọwọ́ sí iléèwé yìí? Ní Nàìjíríà, NCAA ló ń fún iléèwé irú èyí ní àṣẹ, àṣẹ náà sì máa ń sọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n lè kọ́ni gan-an. Iléèwé lè ní àṣẹ láti kọ́ òṣìṣẹ́ inú bàálù kó má ní ti àtúnṣe. Bí wọ́n bá fi ìwé àṣẹ hàn yín, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NCAA kí ẹ béèrè bóyá àṣẹ náà ṣì wà láàyè. Ẹ tún ní kí wọ́n mú yín dé ibi tí ẹ́ńjìnì wà. Iléèwé tó ń kọ́ni ní àtúnṣe bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnì kan tí ọmọ lè tú kó sì tò padà, kí ni wọ́n ń fi kọ́ ọ? Ẹni tó bá sì ṣèlérí iṣẹ́ fún yín kí ọmọ tó wọlé, ẹ gbé owó yín, kí ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa àtìpó ní tiwa. Fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ máa ń béèrè ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá, wọ́n sì máa ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí láti ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ wa tí wọ́n bí ní Zaria, tó ń sọ Hausa ju èmi lọ, kò lè rí ìwé náà gbà níbí. Ilé ló máa ti gbà á. Mo ti rí ọmọ tí àǹfààní bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nítorí pé ìgbà tí wọ́n ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá owó mọ́tò lọ sílé. Ẹ gba ìwé náà nígbà tí ẹ bá lọ ṣọdún, kí ọmọ tó jókòó WAEC. Ọmọ tó bá sì gba láísẹ́ńsì, nọ́ńbà láísẹ́ńsì rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé bàálù, kò sẹ́ni tó ń béèrè níbẹ̀ bóyá ọmọ onílùú ni tàbí àjèjì.

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa báyìí. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ ilé wọn bá kọ̀, òun ló ń tú u. Ó ní gbogbo kírẹ́díìtì tí wọ́n ń béèrè, ó sì fẹ́ lọ kọ́ àtúnṣe bàálù. Bàbá rẹ̀ wá bá mi, inú ń bí i. Ó ní òun ò ní gbà kí ọmọbìnrin òun máa fi epo dúdú para, pé ta ni yóò fẹ́ ẹ? N kò bá a jiyàn. Mo mú un lọ bá ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kírun Mọ̀gíríbì. Nígbà tí a ń bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Nàpéèpù, kò sọ nǹkan kan títí a fi dé ìta ilé rẹ̀. Ó wá bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń ta fọ́ọ̀mù náà.

Ẹni tí ó bá a lọ síjọba ìbílẹ̀ nílé ni ọ̀rẹ́ mi télọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun máa lọ, ó ní òun fẹ́ rí i pé wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà dáadáa. Wọ́n dé lọ́jọ́bọ̀, ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin òbí yòókù tí ẹ ní ọmọ tó ní Ìṣirò àti Físíìsì, ẹ mú èsì WAEC wọn wá sípàdé wa ti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá náà ti ní òun máa wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fún yín ní bébà tó ń dán, ẹ mú un dání wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.